Ẹsẹ̀ Tó Wú Nídìí Àlùwàlá: Àìsàn Ọkàn Lára Àwa Obìnrin

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí ni àìsàn ọkàn lára obìnrin: bí a ṣe lè dá a mọ̀ kí ó tó pẹ́ jù, àti bí ẹni tó bá mú ṣe ń padà bọ̀ sípò. N kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn. Ìdí àlùwàlá ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wa ń dé lójoojúmọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń fọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ iwájú ojúgun yín, níbi tó ga díẹ̀ ju kókósẹ̀ lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ rọra ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá, kí ẹ tó ká ọwọ́ kúrò. Bí ara ẹsẹ̀ bá padà sípò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ṣe alhamdulillaah. Bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jin kòtò, tí kòtò náà sì dúró bí ìgbà tí ọmọdé ki ìka bọ ẹ̀bà tó ti tutù, omi ló wà lábẹ́ awọ yẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó wú ni ti ọkàn. Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú díẹ̀. Aboyún oṣù mẹ́jọ, tirẹ̀ lè wú ní ìrọ̀lẹ́ kí ó sì sọ̀ ní òwúrọ̀. Àìsàn kíndìnrín máa ń wú ẹsẹ̀, ti ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń wú, tí kì í sọ̀ tán bí ilẹ̀ bá mọ́, tí wíwú náà sì ń gòkè lọ lójoojúmọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Láti ìdí àlùwàlá, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí ẹní ìrun. Ní ọdún 2014, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àmì kan tí wọ́n rí lára àwọn tí ọkàn wọn ti ń rẹ̀: bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ síwájú, bí ìgbà tí ó fẹ́ wọ bàtà, èémí rẹ̀ á gé kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, nítorí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe ìdánwò yẹn lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ìyá tó máa ń pẹ́ nínú ìforíkanlẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá di pé kò lè ṣe tàsíbíìhì rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ó tó sáré gbé orí sókè wá èémí, kí ó má kàn sọ pé ọjọ́ orí ló dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òru. Ẹ bi ara yín pé ìrọ̀rí mélòó ni ẹ fi ń sùn báyìí, mélòó ni ẹ sì fi ń sùn ní ọdún tó kọjá. Ẹni tí ìrọ̀rí kan tó tẹ́lẹ̀, tí ó di méjì, tí ó di mẹ́ta, tí ó wá di pé ó fẹ̀yìn ti ògiri sùn, ó ṣeé ṣe kí omi ti máa dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Òmíràn á ti sùn lọ, á wá ta jí lóru bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, á sáré lọ ṣí fèrèsé. Ibẹ̀ ni a ti máa ń sọ pé ọwọ́ ayé ni, pé ẹnì kan ló wá tẹ òun mọ́lẹ̀ lójú oorun. N kò sọ pé ayé kò sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ẹni náà bóyá ó wú.

ÀṢÌṢE TÍ ÈMI FÚNRA MI ṢE

Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí n tó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ mo ṣe àṣìṣe lórí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Akínmọ̀ọ́rìn níbí. Ó gbà kí n sọ ọ́, kìkì pé kí n má dárúkọ òun. Ọmọ kẹta ló bí. Nígbà tí oyún náà wà ní oṣù mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru dé 150 lórí 100, wọ́n sì fún un ní oògùn. Ó bímọ wẹ́rẹ́, a ṣe súná, a jẹ, a mu, gbogbo ilé ń dunnú, kò sì sí ẹni tó rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó pè mí lórí fóònù pé ó ń rẹ òun, pé ẹsẹ̀ òun wú, pé òun ń wúkọ́ lóru. Mo ní, "Ìwọ náà, o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ kò jẹ́ kí o sùn, o sì tún ti ń sáré lọ sí ọjà. Lọ sinmi." Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn. N kò bi í pé ìrọ̀rí mélòó ló fi ń sùn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe ohun tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe. Ó ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, ó sì se àgbo tí wọ́n fi kaun sí, kí omi ìbímọ lè jáde. Ẹsẹ̀ ń wú sí i. Wọ́n ra oògùn ikọ́ ní kẹ́mísí. Nígbà tí kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, wọ́n mú un lọ bá alífáà kan fún àdúrà àti hàntú. Alífáà yẹn ni Ọlọ́hun fi ṣe sábàbí. Ó wo bí èjìká ọmọ náà ṣe ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí, ó ní òun á ṣe àdúrà, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ má mọ́ bá a nílé. Ọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti darí rẹ̀ sí Ìbàdàn. Wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú irú ẹ̀rọ kan náà tí a fi ń wo ọmọ inú oyún. Ọkàn ti fẹ̀, agbára tí ó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde sì ti lọ sílẹ̀ dé 28 nínú 100. Ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ le máa ń tó 55 sókè.

Ọkàn tí à ń sọ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù ẹni tó ni ín lọ. Ẹran ni, bí ẹran apá. Ó ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ẹ̀jẹ̀ inú ara rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tó ní tẹ́lẹ̀, ọkàn kan náà ni yóò sì máa gbé gbogbo rẹ̀ kiri. Ẹ fi ojú inú wo ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga lọ sí tánkì. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ń rẹ̀, omi kò ní lọ síwájú bó ṣe yẹ, á máa dúró lẹ́yìn. Èyí tó bá dúró sí ẹ̀dọ̀fóró á di ikọ́ òru àti èémí tó ń gé. Èyí tó bá dúró sí ìsàlẹ̀ á di ẹsẹ̀ wíwú, inú wíwú, àti kí òkèlè mẹ́ta máa yó ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó sì ń dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń fa àárẹ̀ tí oorun kì í lè mú kúrò.

Èyí tó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oyún títí dé nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn dókítà ń pè é ní peripartum cardiomyopathy. Bí ẹ bá rí orúkọ gígùn yẹn lórí káàdì, òun nìyẹn. Kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ yìí. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i jù lágbàáyé, pàápàá ní ilẹ̀ Hausa. Ní Zaria, ní àwọn ọdún 1970, dókítà méjì tí wọ́n ń jẹ́ Davidson àti Parry kọ̀wé lórí ọ̀pọ̀ ìyá ìkókó tí wọ́n ń gbé wá sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ara wíwú àti èémí tó ń gé. Àṣà ibẹ̀ ni pé kí ìyá ìkókó máa wẹ omi gbígbóná gan-an, kí ó máa sùn lórí ibùsùn tí wọ́n dáná sí lábẹ́, kí ó sì máa mu kunun kanwa, ìyẹn ẹ̀kọ tí wọ́n fi kaun sí. Kaun àti ooru ni wọ́n fura sí nígbà náà.

Láàárín ọdún 2017 sí 2018, àwọn dókítà ọkàn ní oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ Nàìjíríà para pọ̀, wọ́n kọ orúkọ obìnrin 244 tó ní àìsàn yìí sílẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ìyá ọmọ tí kò ní in. Ohun tó hàn kedere lára àwọn tó ní in ni ẹ̀jẹ̀ ríru tó le nínú oyún, ara tó rù jù, àìníṣẹ́lọ́wọ́, àti àìlọ sílé ìwé. Omi gbígbóná àti kaun kò jáde bí ọ̀daràn tí gbogbo ènìyàn rò pé wọ́n jẹ́. Mo fẹ́ràn ìwádìí yẹn nítorí ó yí ojú wa kúrò lórí ẹ̀bi ìyá ọkọ, ó sì gbé e sórí ìyà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí da kaun sí àgbo ìyá ìkókó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Iyọ̀ ni kaun, iyọ̀ sì máa ń dá omi dúró sí ara.

Wọ́n tẹ̀ lé àwọn obìnrin náà fún nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀. Nínú obìnrin márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan kú. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó yè, àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ni ọkàn wọn padà sípò pátápátá. Ìròyìn méjèèjì ni kí ẹ mú dání.

Ẹni tó bí ìbejì tàbí ìbẹta, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n kí ó tó lóyún, àti ẹni tó ti bímọ púpọ̀, ewu tiwọn tún pọ̀ sí i. Àwa tí Igbó-Ọrà wà ní ìpínlẹ̀ wa mọ̀ pé ìbejì kò jìnnà sí agboolé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀JẸ̀ RÍRU NI BÀBÁ ÌSÀLẸ̀

Ìyá tí kò bímọ mọ́ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ó kàn án jù. Ní Abẹ́òkúta, láàárín ọdún 2009 sí 2010, wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Abà. Iye tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ọkàn wọn jẹ́. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2012 kó aláìsàn 1,006 jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn. Ìdajì wọn jẹ́ obìnrin, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn kò sì ju ọdún 52 lọ. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, arúgbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní irú àìsàn yìí. Tiwa ń mú ìyá tó ṣì ń ṣòwò, tó ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ Akínkugbé, tó kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Ìbàdàn tó sì di olóògbé ní ọdún 2020, lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ayé rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru yìí. Ó ṣòro fún wa láti gbà á gbọ́ nítorí kì í dunni. Ẹ̀jẹ̀ lè ru fún ọdún mẹ́wàá kí orí má fọ́ obìnrin náà rí. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọkàn ń fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ sínú iṣan tó ti le, ẹran rẹ̀ ń nípọn bí apá ẹni tó ń gúnyán fún ayẹyẹ lójoojúmọ́, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ á wú.

Wíwọ̀n ẹ̀jẹ̀ nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n. Iye tó bá dé 140 lórí 90, tí wọ́n wọ̀n ní ọjọ́ tó ju ẹyọ kan lọ, ti ru. Fún aboyún, bó bá ti dé 140 lórí 90 lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó má kúrò níwájú agbẹ̀bí láìjẹ́ pé wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Bí orí fífọ́ líle bá wá kún un, tàbí kí ojú máa ṣú, tàbí kí ojú àti ọwọ́ wú lójijì, gìrì aboyún lè tẹ̀ lé e. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ. Kí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nínú oyún sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò parí ní ọjọ́ tí ọmọ jáde. Kí ó tún lọ wọ̀n ọ́n kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó pé, kí ó lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ó sì máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún títí ayé rẹ̀. Àárín súná àti ogójì ọjọ́ ni a ti ń pàdánù àwọn ọmọ wa.

Ti ọkàn tí iṣan rẹ̀ dí lójijì náà wà, èyí tí a máa ń rí nínú sinimá tí ọkùnrin á di àyà mú tí á ṣubú. Nínú àwọn 1,006 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, àwọn tí iṣan tó dí ló ba ọkàn wọn jẹ́ kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àtọ̀gbẹ àti sísanra tó ń pọ̀ láàárín wa, ó ń bọ̀. Lára obìnrin, ó lè má mú àyà dunni púpọ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ẹ̀yìn tàbí òkè ikùn ló ń dùn ún, kí èébì máa gbé e, kí òógùn tútù bò ó, kí ó sì rẹ̀ ẹ́ lójijì bí ẹni tó ru ẹrù láti Fìdítì dé Ìlọrà. Wọ́n á ní ọgbẹ́ inú ni. Bí irú rẹ̀ bá bá ìyá tó ti lé ní ogójì ọdún, pàápàá tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́.

BÍ ARA ṢE Ń PADÀ

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ilé ìwòsàn. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, omi sì jáde lára rẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí igi ìṣáná. Wọ́n wá fi àwọn oògùn tó ń tu ọkàn lára kún un. Nígbà tó fi pé oṣù mẹ́ta, ó ti ń pọn omi, ó ti ń pọn ọmọ. Ó wò ó pé owó oògùn pọ̀, ara òun sì ti yá, ó jáwọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù kan kò tíì pé tí a fi tún gbé e padà lọ, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti rí èyí lára ìyá púpọ̀ débi pé mo lè sọ pé ọjọ́ tó léwu jù fún aláìsàn ọkàn ni ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ jí tí kò rántí pé òun ń ṣàìsàn. Oògùn náà ló ń gbé e ró. Dókítà nìkan ló lè dín in kù, ó sì máa ń wo àwòrán ọkàn kí ó tó ṣe é. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, ẹ sọ ọ́ jáde: oògùn mìíràn tó rọjú lè wà, ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa náà sì wà tí ènìyàn lè forúkọ sílẹ̀ fún. Bí hóró oògùn kan bá ń mú yín wúkọ́ tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ sọ èyí náà, kí wọ́n pa á dà. Ẹ má ṣe jù ú sẹ́yìn ilé.

Iyọ̀ ni ìjà kejì. Ohun tí àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá lójúmọ́ kò tó ṣíbí kékeré kan tó tẹ́jú, nínú gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà. Magí wà nínú rẹ̀, kaun ewédú àti ti gbẹ̀gìrì wà nínú rẹ̀, ẹja oníyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ata, àlùbọ́sà, irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí àti efinrin lè gbé ọbẹ̀ dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ẹnu máa ń ráhùn.

Oògùn ara ríro ni ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac, àti àwọn àpòpọ̀ hóró oògùn tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò fún ẹ̀yìn ríro, máa ń dá iyọ̀ àti omi dúró sí ara, wọ́n sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ru. Ìyá tó lọ fọ́ ẹ̀yìn sí oko tàbí sí ìdí gàrí á rà á ní ìrọ̀lẹ́, á gbé e mì, á wá máa bi wá pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ òun tún wú. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò, àgbo wà lára rẹ̀.

Ẹni tó bá lè rí ìwọ̀n ara, kí ó máa gun orí rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ lẹ́yìn tó bá ti tọ̀. Bí ó bá fi kílò méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, kì í ṣe ọ̀rá, kí ó padà sí ilé ìwòsàn kí ẹsẹ̀ tó wú. Rírìn dára fún un bí dókítà bá ti gbà: láti ojúlé dé mọ́sálásí lónìí, kí ó fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn, kí ó dúró.

Nípa ìrun, ẹni tí èémí ń gé kò gbọ́dọ̀ fi ipá dúró. Ẹ̀sìn gbà á láyè láti jókòó kírun, kí ó sì fi orí júwe rúkúù àti ìforíkanlẹ̀. Bí kò bá lè jókòó, kí ó kí i ní ìdùbúlẹ̀. Nípa ààwẹ̀, Súrátù Bákárà ti sọ ti aláìsàn, pé kí ó sún un sí ọjọ́ mìíràn, àwọn onímọ̀ sì ti ṣàlàyé pé ẹni tí kò ní ìrètí láti gbà á mọ́ yóò máa bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni mo ń rí ìyá tó ń fi oògùn ọ̀sán sílẹ̀ nínú Rọ̀mọ̀dáànù tí kò sì sọ fún dókítà, nítorí ojú ń tì í kí àwọn ẹgbẹ́ asàlátù má bàa rí i pé ó ń mu omi. Ìtìjú yẹn kò sí nínú ẹ̀sìn. Àwa la dá a sílẹ̀, pẹ̀lú bí a ṣe ń wo ẹnu ara wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ oyún mìíràn, òun ló sì le jù. Obìnrin tó ti ní àìsàn ọkàn ìyá ìkókó, tí ọkàn rẹ̀ kò tíì padà sípò, bó bá tún lóyún, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Kódà ẹni tí tirẹ̀ ti padà, ó lè tún rẹ̀ nínú oyún. Díẹ̀ nínú àwọn oògùn ọkàn tún léwu fún ọmọ inú, nítorí náà kò yẹ kí oyún bá wọn lójijì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn wa ló gbà pé tọkọtaya lè dá ọmọ bíbí dúró fún ìgbà kan nítorí ìlera ìyá. Kí obìnrin tó bá fẹ́ ṣe é sọ fún olùtọ́jú pé òun ní àìsàn ọkàn, nítorí irú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan wà tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan rẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá ìyàwó yín lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí obìnrin bá dá nìkan gbé e délé, ẹjọ́ ló máa ń dà.

Ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó bi dókítà ní ìbéèrè tó pọ̀, èyí tó dùn mí jù nínú wọn ni pé, "Ṣé ọmọ mẹ́ta náà ni a ó ní?" Dókítà kò dá a lóhùn tààrà. Ó fi àwòrán ọkàn hàn án. Nígbà tí wọ́n yà á kẹ́yìn, iye náà ti gòkè láti 28 dé 48. Wọ́n á tún un yà lẹ́yìn Iléyá, ìgbà yẹn ni wọ́n á tún sọ̀rọ̀. Ọmọ ìkókó ìjọsí ti ń sáré kiri inú ilé báyìí, ìyá rẹ̀ sì ti ń foríkanlẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò wọ́n ju aṣọ àńkóò ìnáwó kan lọ. Àwa obìnrin asàlátù dáwó, a ra ọ̀kan. A ń wọ̀n ọ́n fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ Àìkú, lábẹ́ ibòji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má jẹ obì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí ó máa ń gbé e ga. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fún yín lápá. Ìyẹn ló máa ń ṣòro jù fún wa.